Ìrọ̀rí Inú Bàálù

Ìyàwó mi sọ pé irọ́ ni gbogbo ìtàn tí mo ń sọ nípa ogun Bọ́mà. Mo gbà fún un dé ìdajì. Ẹja tí mo ní wọ́n wọ inú bàtà mi nígbà òjò, ẹyọ kan ni, kì í ṣe mẹ́fà. Ẹ̀fọn tí mo ní ó gbé fìlà mi lọ, afẹ́fẹ́ ló gbé e. Àmọ́ ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí ní Ọ̀tà, ẹni tó sì yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, a sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá.

Ẹ má retí ìwé gidi lọ́wọ́ mi. Sátáńdà Tú ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní oko ò lè máa dúró de A, B, D. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Iléeṣẹ́ kan tó ń yọ́ irin wà lẹ́yìn ilé mi ní Ilo-Awela níbí. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ wọn láàárọ̀, ògiri mi á máa gbọ̀n, ife tíì á máa rìn lórí tábìlì, èmi náà á sì tún di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nínú bàálù. Àwọn ọmọ mi ní kí n ta ilé náà, kí n kó lọ sí ibi tó dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ariwo yẹn ń yọ mí lẹ́nu ni tàbí òun ló ń bá mi gbé.

Nígbà tí èmi àti Làsísì, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ń lọ sójú ogun, Ṣàngó Ọ̀tà tí mọ́tò ti ń ké bí ewúrẹ́ lónìí yìí, igbó ni. Ogun àwọn Òyìnbó dé, wọ́n ń wá ọmọkùnrin. Gbogbo Ọ̀tà ló mọ ohùn Làsísì, torí òun ló máa ń kọrin jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nígbà ààwẹ̀. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá máa ń jí, a ò kàn ní nǹkan tí a ó jẹ ni. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ọṣẹ dúdú, dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí a ń lọ. Kò sunkún. Èmi ló dojú kọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, irọ́ rẹ pọ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ le. Ẹ jọ ń lọ ni, ẹ jọ ni kí ẹ bọ̀."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. A jọ ń bọ̀ ni."

"Bí o bá dá bọ̀, má gba iwájú ilé mi kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà."

Bí a ṣe dé ọ̀hún, ẹ má bi mí. Omi ni, mo bì. Omi ni, mo tún bì.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú kì í ṣe ìbọn. Ìkíni ni. Ní Ọ̀tà, tí èèyàn bá jókòó, a ó kí i kú ìjókòó. Tó bá dìde, a ó kí i kú ìnàró. Tí kò bá ṣe nǹkan kan, a ó wá nǹkan kí i fún. Ní Índíà tí a ti sọ̀ kalẹ̀, mo bá ọ̀gá Òyìnbó kan níbi tó ti ń tún mọ́tò ṣe, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Ó wò mí bí ẹni tí mo tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Làsísì nìkan ló kù tí mo lè máa kí, nígbà tó sì di oṣù kẹta, wọ́n mú òun lọ síwájú, sínú igbó Bọ́mà, wọ́n fi mí sẹ́yìn. Ìkíni kún inú mi, kò rí ibi tú sí. Lọ́jọ́ kan mo dúró níwájú òkè ńlá kan, mo ní, "Ẹ kú ìdúró o." Òkè náà dáhùn. Ìyàwó mi ní gbohùngbohùn ni. Ohun yòówù kó jẹ́, ó dáhùn.

Àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ ti gbọ́ pé àwa adúláwọ̀ ní ìrù. Ìyá arúgbó kan tó ń ta tíì rọra yí mi po lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wá a. Mo fọwọ́ ṣàlàyé fún un pé ìrù mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi nílé, pé òjò ibí yìí á bà á jẹ́ ni mi ò ṣe gbé e dání. Ó mi orí, ó káàánú mi, ó bu tíì kún ife mi, kò sì jẹ́ kí n san nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo fọwọ́ kan ìdí mi wò. Bí gbogbo èèyàn bá ń wá nǹkan lára rẹ, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Irọ́ ló gbé mi wọ bàálù. Ọ̀gá kan tò wá, ó bèèrè ẹni tó ti wọ bàálù rí nínú wa. Mo rò pé ìrẹsì ló fẹ́ pín. Mo nawọ́, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di ọgbẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi mí sínú bàálù tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ láti inú igbó lọ sí ọsibítù ní Índíà. Àkéte la fi ń gbé wọn, aṣọ líle tí a nà sáàárín ọ̀pá méjì. A ó tò wọ́n léra ní ẹ̀gbẹ́ ògiri bí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Awakọ̀ á wà níwájú, èmi nìkan á wà lẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé bí o bá wúkọ́, ojú àyà rẹ ni yóò sọ fún ọ. Etí rẹ ò ní gbọ́. Kò yé mi bí irin ṣe ń fò. Mo bi awakọ̀, ó ní kò yé òun náà. Ìyẹn lè jẹ́ irọ́, àmọ́ irọ́ tirẹ̀ ni.

Dókítà tó ń gbà wá lọ́hùn-ún, Òyìnbó pupa kan tó ń fi awò sójú, a sọ ọ́ ní Sùúrù nítorí kò ní in.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Adúláwọ̀ bíi tiwa ni, èdè rẹ̀ ni kì í ṣe tiwa. Ọta ìbọn ti fọ́ ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n gbé e dé ní ìdojúbolẹ̀, iwájú orí rẹ̀ wà lórí aṣọ tí wọ́n ká, ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ ń kán láti ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó gbé e wọlé kò sọ nǹkan kan fún mi, wọ́n ti sá padà lọ gbé ẹlòmíràn. Páálí kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí dókítà iwájú kọ nǹkan sí, ìkọ̀wé tí áńgẹ́lì pàápàá ò lè kà.

Inú bí mi. Báwo lẹ ṣe máa da ojú ọmọ ọlọ́mọ délẹ̀ bí àpò ẹ̀pà? Nílé wa, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, a ń tẹ́ ẹ dáadáa ni, a ń kọjú rẹ̀ sókè, a ń wá nǹkan rọ̀ ọ́ lórí, kó lè máa rí àwọn tó wá kí i. Bí bàálù ṣe gbéra, mo yí i padà. Mo bọ́ kóòtù mi, mo ká a, mo fi ṣe ìrọ̀rí fún un. Mo nu ojú rẹ̀. Ó là á, ó wò mí, ó gbá mi lọ́wọ́ mú gírígírí. Mo rò pé ó ń dúpẹ́ ni.

Mo jókòó tì í. Mo ń sọ ìtàn ẹja inú bàtà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ nínú ariwo yẹn, èmi pàápàá ò gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ tú lára mi. Mo ní ó dára, ó ti sùn. Òtútù ń mú mi bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo rọra yọ kóòtù mi lábẹ́ orí rẹ̀, mo wọ̀ ọ́.

Sùúrù wọlé, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fa ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ọ̀fun rẹ̀ dé òkè bí ìgò.

"Ta ló yí i padà?"

Mi ò mọ ibi tí ìdáhùn náà ti wá. Ó ti wà lẹ́nu mi kí n tó wá a. "Bàálù ni, sà. A wọ inú ìkùukùu, ó mì wá, ó sì yí ara rẹ̀."

"Omi ló pa á," ni ó wí. "Ó rì sínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀."

Mo dúró níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà ń gbẹ lẹ́yìn ọrùn mi lára kóòtù. Èèyàn kú ikú omi lójú òfurufú. Mo gbé e lọ, mo gbé e bọ̀, kò yé mi. Ohun tó yé Sùúrù ni pé bàálù ń yí àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ṣe gbé ẹni kọ̀ọ̀kan dé, bẹ́ẹ̀ ni kí a fi bẹ́líìtì mẹ́ta dè é pinpin, kí ẹnikẹ́ni má tú u títí a ó fi balẹ̀.

Láàárín ìgbà yẹn ni lẹ́tà kan dé láti Ọ̀tà. Tíṣà ló bá ìyá mi kọ ọ́, àmọ́ Ìyá Làsísì ti dá sí i láti ìlà kẹta dé ìparí. Ṣé Làsísì ń jẹun? Ṣé ó ń kírun? Ṣé ẹ jọ wà? Mo kọ ọ́ padà pé a jọ wà, ó ń jẹun ju ti ilé lọ. Mi ò rí Làsísì láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń yẹ lẹ́tà ṣọ́jà wò tún fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi lẹ́yìn ọdún méjì pé lẹ́tà náà dé bí asẹ́, pé Tíṣà gbé e sókè ní iwájú fèrèsé, oòrùn sì gba inú rẹ̀ kọjá. Ibi tí mo ti purọ́ nìkan ni wọn ò gé.

Ọjọ́ tí Làsísì dé, ìbọn ń dún ní ẹ̀gbẹ́ pápá tí bàálù ń bà sí, wọ́n sì ń kánjú. Wọ́n ju àwọn àkéte sínú fún mi, mo dè wọ́n bí wọ́n ṣe dé. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì wé gbogbo orí rẹ̀ àfi ẹyinjú àti ihò ẹnu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Àpá wà ní kókósẹ̀ rẹ̀, ibi tí mo fi ọkọ́ ṣá nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí mo sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló bù ú jẹ.

Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀nà, mo rí i tí àyà rẹ̀ ń lọ sókè tí ikùn rẹ̀ ń wọlé, tí ikùn ń yọ tí àyà ń wọlé, bí ẹni méjì tí wọ́n ń jà sí ẹ̀wù kan. Ojú rẹ̀ yọ. Ó na ọwọ́, ó gbá mi lọ́wọ́ mú gírígírí.

Mo mọ ìgbámú yẹn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ọkùnrin ọjọ́sí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo wo bẹ́líìtì mẹ́ta náà. Àṣẹ ni. Irọ́ mi ló bí i. Mi ò mọ ìṣègùn kankan tó kọjá báńdéèjì, orí mi sì dàrú bí okùn tí ewúrẹ́ rún mọ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni ìyá mi lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, tó ń rọ àbúrò mi ní àgbo. Bí àgbo bá gba ibi tí kò yẹ, tí ọmọ bá ń pọ́n lójú, kò ní wá ìrọ̀rí. Á dojú ọmọ náà délẹ̀ lórí itan rẹ̀, orí á rọ̀ sísàlẹ̀, á gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á fi ẹnu ara rẹ̀ fa ikun imú rẹ̀, á sì tu ú dànù.

Mo tú bẹ́líìtì. Mo jókòó sílẹ̀, mo fa Làsísì wá sórí itan mi, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé báńdéèjì, mo ti ìka bọ ẹnu rẹ̀, mo họ ẹ̀jẹ̀ dídì jáde. Ahọ́n rẹ̀ tó ti ṣubú dí ọ̀nà ọ̀fun bí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ padà síwájú. Nǹkan ṣì ń dí i. Mo gbé ẹnu mi lé e, mo fà, mo tu. Mo fà, mo tu. Etí ò wúlò níbẹ̀, mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sí ẹnu rẹ̀. Mo dúró. Èmi náà ò mí. Èémí gbóná kan wá, ó lọ. Òmíràn wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí bàálù fi balẹ̀, ọkùnrin ńlá lórí itan mi bí ọmọ ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní irùngbọ̀n mi.

Sùúrù wọlé. Ó wo Làsísì, ó wo bẹ́líìtì, ó wo ẹnu mi.

"Ta ló tú èyí?"

Irọ́ kan ti múra tán, ó ti wọ bàtà. Mo fẹ́ ní bẹ́líìtì ló já. Mo wá rò ó pé bí bẹ́líìtì bá já, èyí tó le jù ú lọ ni yóò dé lọ́la, wọn ó sì fi de ẹlòmíràn tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

"Èmi ni, sà. Èmi náà ni mo yí ti ọjọ́sí. Bàálù ò mì. Mo fi kóòtù mi ṣe ìrọ̀rí fún un."

"Kí ló dé?"

"Mo ń kẹ́ ẹ ni, sà. Bí a ṣe ń kẹ́ aláìsàn nílé wa nìyẹn."

"Èyí tí o ṣe fún ẹni yìí ńkọ́? Ta ló kọ́ ọ?"

"Ilé wa náà ni, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó tún nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà. Ó ní kí n jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ọsibítù náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó ránṣẹ́ pè mí, ó kó gbogbo àwa tí a ń wọ bàálù jọ, ó ní kí n jókòó, kí n fi bí ìyá mi ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Sájẹ́ǹtì kan tó ga bí igi àgbọn ni Sùúrù ní kó ṣe ọmọ mi. Wọ́n gbé e lé mi nítan, ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ rọra o," ni ọ̀kan wí, "ọmọ yín ti hu irùngbọ̀n."

"Àgbo ni kẹ́ ẹ dín kù," ni òmíràn wí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Màmá Bàálù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè gbé orí ara rẹ̀, kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kí ó dojú bolẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a sì ṣe dè é. Kí a máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ èémí wò láti àkéte dé àkéte, torí ariwo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ etí. Sùúrù tún wá ẹ̀rọ kan tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa nǹkan jáde lọ́fun, kí a má baà máa fi ẹnu wa fà á. Ẹnikẹ́ni ò tún kú ikú omi nínú bàálù tí mo wọ̀. Ìyàwó mi, kí o tó sọ̀rọ̀, èyí kì í ṣe irọ́.

Mo kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tò lórí mi. Ilé ni mo ti gbé ìrọ̀rí lọ. Ilé náà ni mo ti gbé itan ìyá mi lọ. Ọ̀kan pa èèyàn, ọ̀kan gba èèyàn là, inú ẹrù kan náà ni méjèèjì wà. Bí o bá dé ilẹ̀ onílẹ̀, ta ni yóò sọ fún ọ èyí tó yẹ kí o tú àti èyí tó yẹ kí o fi sílẹ̀ nínú àpò?

Nígbà tí ogun parí tí a padà dé Ọ̀tà, iwájú ilé Ìyá Làsísì la gbà wọlé. Ó wo àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá, a jọ bọ̀," ni mo wí.

"Mo rí yín." Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n náà. "Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ló tún bù ú jẹ?"

Nígbà ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Làsísì kọrin jí wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń wí mọ́, gbogbo Ọ̀tà sì jí.

Láti ìgbà náà títí di oṣù tó kọjá, ibikíbi tí a bá jọ jókòó sí, á nawọ́ sí mi, á sọ fún àwọn ọmọdé pé ọkùnrin yìí ló fún òun ní èémí. Èmi á tẹ orí ba. Ó bi mí rí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kí n dojú òun délẹ̀. Mo ní ẹyẹ ìbákà kan ló kọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí àgbọ̀n rẹ̀ fi yẹ̀. Mi ò sọ fún un pé ẹni kan ti kọ́kọ́ kú kí n tó mọ̀ ọ́n, ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tí mi ò mọ ẹnu ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ dúró sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé Làsísì wọ sàréè. Mo dúró létí rẹ̀, mo ń wò. Àwọn Àáfà fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn.

"Àáfà, ẹ̀gbẹ́ lẹ fi lélẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má yí i padà."

Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ló ń ṣe mí.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn mi lẹ ó fi lélẹ̀ nínú pósí, ẹ ó sì fi ìrọ̀rí funfun sí mi lórí. Ìyẹn ò burú, bí mo bá ti kú tán. Àmọ́ bí ẹ bá kàn bá mi nílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mi ò lè gbé orí mi, ẹ má wá ìrọ̀rí. Ẹ yí mi sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀rọ àwọn onírin bá ń pariwo, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sí ẹnu mi. Bí mo bá sì gbá yín lọ́wọ́ mú gírígírí, ẹ má rò pé mo ń dúpẹ́.